Orúkọ Willie Nelson Ló Wà Lára Àwo, Ohùn Rẹ̀ Dà Lójú Kejì? Àlàyé Lórí Àwo Orin Fíìmù Kábọ́ì

Nígbà tí Beyoncé gbé àwo Cowboy Carter jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024, ohùn bàbá arúgbó kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe bí olóòtú orí rédíò. Willie Nelson ni bàbá náà, ẹni 90 ọdún ni nígbà yẹn. Àwọn òbí wa tó ń fi Jim Reeves àti Don Williams ṣe fàájì ọjọ́ Àìkú kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe rẹ̀ fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ló lọ ń wá iṣẹ́ rẹ̀ kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sì wá a títí, bó pẹ́ bó yá, yóò kan The Electric Horseman, àwo orin fíìmù kábọ́ì kan tó jáde ní 1979.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Orin márùn-ún àkọ́kọ́, Willie ló ń kọ ọ́. Tó bá di ẹ̀kẹfà, ohùn rẹ̀ pòórá pátápátá, ó di ohun èlò orin nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ kan. Àwọn kan á rò pé fóònù àwọn ló ń ṣe wèrè, àwọn mìíràn á ní jìbìtì ni wọ́n lu àwọn. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí wọ́n ṣe máa ń to àwo fíìmù nìyẹn, ẹni tó bá sì lóye ti Electric Horseman, èyíkéyìí nínú wọn kò ní í rú u lójú mọ́.

Kántìrì àti wẹ́sítànì, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Kántìrì jẹ́ irú orin, wẹ́sítànì jẹ́ irú fíìmù.

Kántìrì ni orin àwọn ará oko àti ìlú kéékèèké ní gúúsù Amẹ́ríkà. Orin tí àwọn òyìnbó fi gòjé gbé wá láti Scotland, Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pàdé orin àwọn Aláwọ̀dúdú, blues pàápàá, tí wọ́n sì di ọ̀kan. Kódà bánjò, ohun èlò tí etí fi ń tètè dá kántìrì mọ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ńṣe ni Beyoncé já wọ ilé onílé, kò bi ìtàn léèrè kó tó sọ̀rọ̀.

Wẹ́sítànì ní tirẹ̀ ń sọ ìtàn ìhà ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, pàápàá láti ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865 títí di nǹkan bí ọdún 1900. Ẹ mọ àwọn ohun tó máa ń wà níbẹ̀: kábọ́ì tó ń da màlúù lórí ẹṣin, ṣẹ́rífù, ìbọn ní ìbàdí, eruku. Àwọn kan wà tí wọ́n gbé ìtàn náà wá sí ìgbà ọkọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n, tí ọkàn kábọ́ì inú rẹ̀ ṣì wà ní ayé àtijọ́. Irú wọn ni The Electric Horseman.

Ta ló so àwọn méjèèjì pọ̀?

Àwọn oníṣòwò fíìmù ni. Láti 1935 ni Gene Autry ti ń gun ẹṣin, tó ń yìnbọn, tó sì ń ta gìtá nínú fíìmù kan náà. Roy Rogers tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rí i tí kábọ́ì kan ń dá kọrin nínú aṣálẹ̀ tí odindi ẹgbẹ́ onígòjé tí a kò rí sì ń gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ará ìgbà náà fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì.

Fíìmù tó yí ọ̀rọ̀ padà ni High Noon, tó jáde ní 1952. Nínú rẹ̀, àwọn èèyàn inú ìtàn kọ́ ló ń kọrin. Olórin kántìrì kan, Tex Ritter, ló ń kọ ọ́ láti ẹ̀yìn àwòrán, bí ẹni tó ń rán wa létí ohun tó wà lọ́kàn olórí agbófinró inú ìtàn náà. Dimitri Tiomkin ló ṣe ohùn orin náà, Ned Washington ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì gba Oscar. Lọ́jà, rẹ́kọ́ọ̀dù tí Frankie Laine ṣe ti orin kan náà tà ju ti Ritter lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu Laine lórí rédíò tó wá lọ wo fíìmù, Ritter ló máa bá níbẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe tuntun rárá. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe fíìmù ti mọ̀ pé orin kan tó dára lè polówó fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gbogbo rédíò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú The Electric Horseman?

Sydney Pollack ló darí rẹ̀. Robert Redford ni Sonny Steele, ẹni tó ti jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká nínú ròdéò, eré tí wọ́n fi ń gun ẹṣin àti akọ màlúù tí kò gbà kí èèyàn gun òun. Ara rẹ̀ ti bàjẹ́, ọtí ti wọ̀ ọ́ lára, iṣẹ́ tó kù fún un ni pé kó máa polówó oúnjẹ àárọ̀ inú páálí fún iléeṣẹ́ ńlá kan, nínú aṣọ kábọ́ì tí wọ́n to gílóòbù wẹ́wẹ́ sí láti òkè dé ilẹ̀. Ní Las Vegas, ó rí i pé wọ́n ń fún ẹṣin iyebíye kan lóògùn kó lè dúró jẹ́ẹ́ lórí ìtàgé. Wọ́n ní mílíọ̀nù 12 dọ́là ni owó ẹṣin náà, Rising Star lorúkọ rẹ̀. Sonny gùn ún jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, ó sì gbà á lọ sí aginjù kó lè tú u sílẹ̀, pẹ̀lú gílóòbù ara rẹ̀ tó ń tàn yanranyanran bó ṣe ń la àárín ìlú tẹ́tẹ́ náà kọjá. Jane Fonda ni oníròyìn tó tọpa rẹ̀.

Willie pàápàá ṣeré nínú rẹ̀, òun ni ọ̀rẹ́ Sonny tó ń jẹ́ Wendell. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn nínú fíìmù. Nítorí náà, àwọn kan máa ń rò pé torí pé ó ṣeré níbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe wà lára àwo. Orin rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Irú orin wo ló ń wọ inú fíìmù?

Soundtrack túmọ̀ sí gbogbo ohun tí etí ń gbọ́ nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjà, orin rẹ̀ tí wọ́n kó jọ sínú àwo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Orin náà kò sì jẹ́ ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni orin tó ní ọ̀rọ̀, tí olórin kan kọ, tí wọ́n tẹ́ sórí àwòrán. Ìbẹ̀rẹ̀ Electric Horseman dára láti fi ṣàpẹẹrẹ. “My Heroes Have Always Been Cowboys” ń lọ, Willie ń fà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Lábẹ́ ohùn rẹ̀, à ń rí Sonny lórí ẹṣin, à ń rí i tó gbégbá orókè, à ń rí i tó ṣubú, tó tún dìde, tó tún ṣubú, títí tí ó fi di alágbàṣe apolówó ọjà tó ń tàn bí òpó iná. Kò sí ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ kankan. Kó tó di pé Redford la ẹnu, a ti mọ irú ayé tó jẹ. Gìtá tí ẹ̀ ń gbọ́ lọ́wọ́ Willie nínú àwọn orin rẹ̀ láti 1969 ni Trigger, gìtá olókùn ọ̀rá tó ti ta títí tí ihò fi lu sí i lára. Orúkọ ẹṣin Roy Rogers ló fi sọ ọ́.

Ìkejì ni wọ́n ń pè ní score. Èyí ni orin tí kò ní ọ̀rọ̀, tí ẹnì kan jókòó ṣe fún fíìmù kan ṣoṣo. Wọ́n á ti gé àwòrán tán, olùṣe orin á máa wò ó, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá: níbí ni ẹṣin ti fẹ́ sáré, níbí ni obìnrin yẹn ti wo ọkùnrin náà lójú, kí gòjé dìde níbí, kó relẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, ẹ kò ní í mọ̀ pé orin ń lọ, ẹ kàn máa rí i pé ọkàn yín ń lù kìkì. Dave Grusin, ògbóǹtagí nínú jazz àti dùùrù títẹ̀, ló ṣe ti Electric Horseman. Ẹ gbọ́ “Electro-Phantasma” tirẹ̀, dísíkò tó ń dán bí Las Vegas fúnra rẹ̀, kí ẹ wá fi wé gìtá Willie. Ìjà tó wà nínú fíìmù, láàárín ìlú oníná àti aginjù, ti wà nínú orin méjèèjì kí a tó wo àwòrán kankan.

Ìkẹta ni orin tí àwọn èèyàn inú ìtàn náà ń gbọ́ pẹ̀lú wa, bíi kí rédíò máa kọ nínú mọ́tò tàbí kí ẹgbẹ́ olórin máa ṣeré nínú ilé ọtí. Èyí kì í sábà dé inú àwo.

Wàyí o, ẹ padà sórí àwo. Ní 1979, àwo oníke dúdú ni, ó ní ojú méjì. Ojú kìíní jẹ́ orin márùn-ún Willie. Ojú kejì jẹ́ ti Grusin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó rà á nígbà náà ní láti dìde, kó yí àwo padà, ó sì mọ̀ pé yàrá mìíràn lòun ń wọ̀. Fóònù kò lójú kejì. Ó to gbogbo rẹ̀ tẹ̀ léra gbọọrọ, ló bá jọ pé Willie ń kọrin lọ, ó sì sá kúrò nídìí iṣẹ́.

Kí wá nìdí tí orúkọ Willie fi hàn gedegbe? Ọjà ni. Ní 1979 Willie wà lórí òkè téńté, Grusin sì jẹ́ ẹni tí àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ṣùgbọ́n tí ará ọjà kò mọ̀.

Ta ló ni orin?

Ibí yìí ló le jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ẹ wò ó bí ilẹ̀ àti ilé. Ọ̀rọ̀ orin àti ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́, bí ẹnì kan ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, ilẹ̀ nìyẹn. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí olórin kan ṣe nínú sítúdíò ni ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ náà. Ilé lè pọ̀ lórí ilẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí onílé tí kò ní í rí ọmọ onílẹ̀.

Willie ti jókòó síhà méjèèjì. “Crazy” tí Patsy Cline kọ ní 1961, òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń wọlé fún un. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ebi ń pa á, ó ta “Family Bible” pátápátá ní 50 dọ́là. Claude Gray kọ ọ́ ní 1960, ó gbòde kan, orúkọ Willie kò sì sí lára rẹ̀. Ó ti ta ilẹ̀, kò lè padà lọ gbowó orí rẹ̀.

Nínú orin márùn-ún tó kọ fún Electric Horseman, ọ̀kan ṣoṣo ló lọ́wọ́ nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, ìyẹn “So You Think You’re a Cowboy”, òun àti Hank Cochran ni wọ́n jọ ṣe é. “Midnight Rider” jẹ́ ti Gregg Allman, ọmọ ẹgbẹ́ Allman Brothers, àti Kim Payne. Sharon Vaughn ló ni “My Heroes”, Bill Callery ló ni “Hands on the Wheel”.

Ẹ̀karùn-ún, “Mammas Don’t Let Your Babies Grow Up to Be Cowboys”, ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ed Bruce àti ìyàwó rẹ̀ Patsy ló ṣẹ̀dá rẹ̀, Ed fúnra rẹ̀ sì kọ́kọ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Ní 1978, Willie àti Waylon Jennings jọ kọ ọ́ fún iléeṣẹ́ RCA, ó gba ipò kìíní, ó sì gba Grammy. Ẹ̀dà yẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Èyí tó wà nínú àwo fíìmù, Willie nìkan ló dá a kọ, iléeṣẹ́ Columbia ló sì gbé e jáde. Ẹni tó ń retí ohùn Waylon á ní wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Kò sí ẹni tó yọ ọ́, ilé méjì ni lórí ilẹ̀ ìdílé Bruce.

Bí ẹni tó ń ṣe fíìmù bá fẹ́ lo orin kan, ìwé àṣẹ méjì ló máa gbà: ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀, èkejì lọ́dọ̀ ẹni tó ni ilé, èyí tó sábà máa ń jẹ́ iléeṣẹ́ tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde. Bí onílé bá ń bú owó, ẹni tó ń ṣe fíìmù lè fi í sílẹ̀, kó bá onílẹ̀ nìkan sọ ọ́, kó sì ní kí olórin kan tún un kọ. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí orin inú fíìmù fi máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀.

Owó pínpín tún wá ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí rédíò bá gbé “My Heroes” sáfẹ́fẹ́, Sharon Vaughn ni owó kàn. Òfin ibẹ̀ kò fi dandan lé e pé kí rédíò orí afẹ́fẹ́ san kọ́bọ̀ fún Willie tó kọ ọ́. Ti sinimá tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ìgbà ẹjọ́ kan ní 1948, ilé sinimá ní Amẹ́ríkà kì í san owó fún orin tó ń dún nínú fíìmù tí wọ́n ń fi hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń san án. Orílẹ̀-èdè tó ń ta orin àti fíìmù fún gbogbo àgbáyé ló ń ṣe báyìí fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ohun tó yọrí sí ni pé ẹni bíi Grusin gbọ́dọ̀ dúnàádúrà owó tó jọjú lọ́wọ́ àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì máa wojú tẹlifíṣọ̀n àti ilẹ̀ òkèèrè fún ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo fi ṣe pàtàkì: àwo tí ẹnì kan rà, onílẹ̀ àti onílé ló máa rí nǹkan mú níbẹ̀.

Columbia Records àti Columbia Pictures, ṣé ọ̀kan ni wọ́n?

Lónìí, bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ Sony ni àwọn méjèèjì wà. Ní 1979, wọn kò bá ara wọn tan. CBS ló ni Columbia tó gbé àwo Willie jáde. Columbia tó gbé fíìmù náà lọ sí sinimá jẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn tí orúkọ kàn papọ̀. Sony ra èyí àkọ́kọ́ ní 1988, ó ra èkejì ní 1989.

Kí ló dé tí “My Heroes” kò gba Oscar?

Kò lè wọ inú ìdíje ni. Oscar ti orin wà fún orin tí wọ́n ṣẹ̀dá fún fíìmù náà gan-an, Waylon sì ti kọ “My Heroes” sínú àwo láti 1976. Ẹ̀dà Willie dé ipò kìíní láàárín orin kántìrì ní 1980, ìyẹn kò yí òfin padà.

Ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ nínú fíìmù tó tẹ̀ lé e, Honeysuckle Rose, tó jáde ní 1980. Kì í ṣe wẹ́sítànì, ìtàn olórin kántìrì tó ń rìn káàkiri ni. Jerry Schatzberg ló darí rẹ̀, Pollack sì wà lára àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, inú ọkọ̀ òfúrufú ni Willie àti àwọn méjèèjì wà tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ orin kan lórí ìrìn àjò, Willie sì kọ ọ̀rọ̀ “On the Road Again” sára àpò tí wọ́n ń pèsè fún ẹni tí èébì bá ń gbé. Ohùn rẹ̀ kò tíì sí nígbà yẹn, ó ní òun á wá ohùn fún un tó bá yá. Wọ́n yàn án fún Oscar, orin “Fame” ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, Grammy sì tù ú nínú.

Ṣé àwo lè ṣáájú fíìmù?

Ó lè ṣáájú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ní oṣù kìíní 1975, Willie lọ sí sítúdíò kan ní Garland, Texas, ó sì ṣe Red Headed Stranger, àwo tó jẹ́ ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: oníwàásù kan pa ìyàwó rẹ̀ àti àlè rẹ̀, ó sì ń gun ẹṣin kiri pẹ̀lú ẹ̀bi náà lọ́rùn. Orin tó fún àwo náà lórúkọ ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń fi í rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lálẹ́. Gìtá, dùùrù, ohun èlò díẹ̀ ni, àyè sì pọ̀ láàárín wọn débi pé àwọn ọ̀gá Columbia rò pé àwòṣe lásán ló gbé wá. Wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀ náà nítorí pé àdéhùn fún Willie láṣẹ lórí orin rẹ̀. Ara rẹ̀ ni “Blue Eyes Crying in the Rain” ti wá, orin Fred Rose, òun ló sì kọ́kọ́ gbé Willie dé ipò kìíní gẹ́gẹ́ bí olórin.

“Hands on the Wheel” tí a dárúkọ lókè náà, inú àwo yìí ló ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó bá rí i nínú The Electric Horseman tí wọ́n sì ń bèèrè èwo ló ṣáájú, ìdáhùn wọn nìyẹn.

Fíìmù Red Headed Stranger jáde ní 1986. William Wittliff ló darí rẹ̀, Willie ni oníwàásù. Wọ́n kọ́ odindi ìlú kábọ́ì kan fún un sórí ilẹ̀ Willie nítòsí Austin, wọn kò sì wó o lẹ́yìn iṣẹ́. Luck ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń ṣe àríyá orin níbẹ̀. Ẹni tó bá wo fíìmù náà tó wá ń wá orin rẹ̀, kó má ṣe wá ohunkóhun tí déètì rẹ̀ jẹ́ 1986 kiri, àwo 1975 ni kó gbọ́.